Mo rí i lẹ́yìn Bọ́lọ́rundúró, mi ò dúró

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́kadà ni mí ní Akúrẹ́, ọdún kejì mi rèé lórí máṣíìnì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ìyá kan lọ sí Oǹdó, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó máa padà bọ̀, ó tó aago méje àbọ̀ alẹ́. Mo ti kọjá Bọ́lọ́rundúró, mi ò tíì dé Owénà, ni mo rí ọlọ́kadà bíi tèmi tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, tó ń fi iná fóònù juwọ́ sí mi. Mi ò dúró, ńṣe ni mo ki eré mọ́lẹ̀, mo gba Owénà kọjá láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi ní ohun tó tọ́ ni mo ṣe, pé ayé ìsinsìnyí kọ́ là ń dúró fún ẹni tí a ò mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọkàn mi ò balẹ̀. Àwọn àgbà níbi ìdúró wa máa ń sọ pé láyé tiwọn, ọlọ́kadà kì í rí ọlọ́kadà kó kọjá. Ṣé mo jẹ̀bi, ẹ̀gbọ́n? Bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ò jẹ̀bi pé o ò dúró. Owénà ni mo ti ní ẹjọ́ bá ọ rò. O dé Owénà, iná wà níbẹ̀, èèyàn wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ẹlẹgbẹ́ rẹ jókòó sórí máṣíìnì wọn tí wọ́n ń wo ojú èrò, o sì gba àárín wọn kọjá láì la ẹnu. Ká ní o fi ẹsẹ̀ kan kanlẹ̀ níbẹ̀, kí o sọ fún ẹni méjì péré pé, "Ẹ̀yin ará, ẹnì kan wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tí máṣíìnì rẹ̀ kú. Ó juwọ́ sí mi, ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi dúró," wọn ò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á gbéra, máṣíìnì mẹ́ta á tan iná sójú ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ olè ló wà níbẹ̀, á wọ igbó lọ. Bó bá jẹ́ ọmọ èèyàn, wọ́n á bá a gbé e. Agbára tìrẹ lálẹ́ ọjọ́ náà mọ síbẹ̀, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Èmi náà gun ọ̀kadà fún ọdún 19 nínú Akúrẹ́ àti ní gbogbo ọ̀nà tó jáde nínú rẹ̀, kí n tó jókòó ti iṣẹ́ mẹkáníìkì. Nítorí náà, ohun tí àwọn àgbà yẹn sọ ṣojú mi. Òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ ni wọn ò sọ fún ọ. Kì í ṣe pé a sàn jù yín lọ, kò sí fóònù ni. Ọdún 2001 ni GSM dé Nàìjíríà, ó sì pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó ń fi ọ̀kadà jẹun. Bí máṣíìnì bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ láàárín oko kòkó, kò sí ẹni tí o máa pè. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ nìkan lo ní, òun náà sì mọ̀ pé lọ́la òun lòun máa dúró síbẹ̀. Àánú wà nínú ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìṣírò náà wà níbẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ kan lójú ọ̀nà Ìdànrè, nínú òjò oṣù kẹsàn-án. Mo gbé àpò kòkó kan sẹ́yìn. Àpò kòkó tó kún dáadáa á lé ní kílò 60, ẹni tó bá ti gbé e rí mọ bó ṣe ń fa orí máṣíìnì sókè bí a bá ń gun òkè. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Mo kíìkì títí orúnkún fi ń ro mí. Mọ́tò mẹ́fà ló kọjá, ọ̀kan tilẹ̀ ta ẹrẹ̀ sí mi lójú. Ẹni tó dúró ni bàbá àgbàlagbà kan lórí Suzuki AX100, tó ń rú èéfín bí ẹni tó ń fi igi tútù dáná. Bàbá ò kí mi, kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó yọ ìdì ọ̀rá kan nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó tú u. Ààbọ̀ búrẹ́dì wà níbẹ̀, púlọ́ọ̀gì kan, èyí tó ń ta iná fún ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fi bébà ìwé ìròyìn wé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì. Ó tú púlọ́ọ̀gì mi jáde, ó yí i lójú mi kí n rí i. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó de tirẹ̀ síbẹ̀, ó ní, "Kíìkì ẹ́." Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Mo na owó sí i, ó ti ọwọ́ mi padà, ó bu búrẹ́dì fún mi, ó gun nǹkan rẹ̀, ó lọ. Búrẹ́dì náà ń rùn bẹntiróò. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, lójú ọ̀nà mìíràn tí mi ò ní dárúkọ, mo dúró fún ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ máṣíìnì rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára tèmi, mo rìn lọ bá a. Ẹnì kejì jáde nínú igbó lẹ́yìn mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé lọ́jọ́ náà, àpá rẹ̀ ṣì wà ní ìpàkọ́ mi. Nígbà tí mo jókòó tún un rò, ohun tó dùn mí ju máṣíìnì tí wọ́n gbà lọ ni pé ẹ́ńjìnnì ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́! Ó ń dún jẹ́jẹ́ nígbà tí mo débẹ̀. Ta ló ń tún ẹ́ńjìnnì tí kò kú ṣe? Etí mi gbọ́ ọ, mi ò fiyè sí i, torí bàbá olóòjò yẹn ló wà lọ́kàn mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé dídúró ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, bí iṣẹ́ ọwọ́ yòókù. Ohun tí a máa ń kọ́kọ́ wò ni ojú ẹni náà. Ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ kú lóòótọ́, máṣíìnì ló ń wò. Bó bá gbójú sókè wò ọ́, kíá ló tún máa padà síbẹ̀, bí ìyá tó gbé ọmọ aláìsàn lọ́wọ́. Ẹni tó ń dọdẹ kì í wo máṣíìnì, ẹ̀yìn rẹ ló ń wò, bóyá ẹlòmíràn ń tẹ̀ lé ọ. Wo ọwọ́ rẹ̀: ọwọ́ ẹni tó ti ń tú nǹkan dúdú, ó lè ti nù ún mọ́ ṣòkòtò. Wo ilẹ̀: irin, sípánà, ìdérí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì, bàtà tó bọ́. Ẹni tó ní ìṣòro máa ń tú ilé sílẹ̀ yíká ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé máṣíìnì náà dúró ṣánṣán, ó mọ́ tónítóní, tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta ki ọwọ́ bọ àpò, máa lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o wá wo nǹkan nínú igbó, máa lọ kíákíá.

Bí ohun tí o rí bá tẹ́ ọ lọ́rùn, má dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kọjá rẹ̀ ní bí ìṣísẹ̀ 40, kí o wá dúró, kí orí máṣíìnì rẹ kọ sí ọ̀nà tí ò ń lọ, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ó wà nínú jíà kìíní pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Wá pariwo béèrè: "Kí ló ṣe é?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló ń dá wọn mọ̀ jùlọ. Ẹni tí nǹkan ṣe á dá ọ lóhùn bí ẹni tó ti ń bá a jà: "Ó kàn ń gbọ̀n ni, kò sì mú iná," tàbí "Ṣéènì ló já." Ẹni tó ń parọ́ á ní, "Ẹ wá náà, ẹ wá wò ó." Jẹ́ kí òun rìn wá bá ọ, kí ìwọ má rìn lọ bá a. Àti lálẹ́, níbi tí kò sí ilé, mi ò ní gbà ọ́ níyànjú pé kí o ṣe gbogbo èyí ní ìwọ nìkan. Dẹ eré, tẹ fèrè, pariwo pé ò ń lọ pe èèyàn wá, kí o sì lọ pè wọ́n lóòótọ́. Kí nọ́ńbà àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tó wà ní agbègbè tí o máa ń gbà sì wà nínú fóònù rẹ. Ọdún 2020 ni ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fi òfin gbé wọn kalẹ̀. Owó oṣù wọn kì í ṣe ti jíjókòó.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kì í rò: ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ igbó yẹn ń bẹ̀rù ìwọ náà. Bóyá ó ti gbàdúrà kí ẹnì kan dúró, bí o ti wá dúró báyìí, àyà rẹ̀ já. Bó bá jẹ́ obìnrin ńkọ́, bíi nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà tó ń gun máṣíìnì lọ síṣẹ́ ní abúlé? Ṣí ojú rẹ, bọ́ nǹkan tí o fi bo ẹnu. Sọ orúkọ rẹ àti ibi ìdúró yín. Sọ fún un pé kó ya fọ́tò nọ́ńbà máṣíìnì rẹ, kó fi ránṣẹ́ sí ará ilé rẹ̀, kí o tó sún mọ́ ọn. Mo ti rí ọmọkùnrin tó bínú pé wọ́n ya nọ́ńbà òun. Mo ní, ìwọ, tó bá jẹ́ àbúrò rẹ obìnrin ńkọ́?

Láwọn ìlú òyìnbó, ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ bá kú máa ń gbé àṣíborí rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sẹ́yìn máṣíìnì, lẹ́bàá títì, àwọn tó ń gun máṣíìnì sì mọ̀ pé ó ń wá ìrànlọ́wọ́ ni. Ní Faransé, bí o bá yà fún wọn, wọ́n á na ẹsẹ̀ ọ̀tún síta fi dúpẹ́, torí ọwọ́ ọ̀tún wà lórí tọ́rótù tí a fi ń fún máṣíìnì ní eré. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ṣùgbọ́n àṣíborí tiwa kò lè ṣe àmì. Ẹ rántí January 2009, nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní dandan ni, tí àwọn ọlọ́kadà kan láwọn ìlú kan lọ dé igbá lórí, tí ẹlòmíràn dé ike ọ̀dà? Ẹni tó bá gbé igbá sílẹ̀ lẹ́bàá títì, owó ni wọ́n máa jù sínú ẹ̀. Tiwa ni ewé. Ṣẹ́ ẹ̀ka ewé tútù, tò ó sójú ọ̀nà lẹ́yìn máṣíìnì, kí ó jìnnà díẹ̀, kó má jẹ́ ẹsẹ̀ méjì péré. Dírẹ́bà tó ń bọ̀ á mọ̀ pé nǹkan wà níwájú. Bí ẹ bá sì tún un ṣe tán, ẹ kó ewé yín kúrò, ẹ jọ̀ọ́.

Ká wá ní o ti dúró, ó sì jẹ́ ọmọ èèyàn. Kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè tó ń ti ọlọ́kadà lójú: epo ńkọ́? Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní May 2023, ta ló tún ń fi tánkì kíkún rìn? A ń ra ti ₦1,000, a ń mi tánkì wò, a ń gbé èrò kan sí i. Kọ́kì epo tó wà lábẹ́ tánkì sì ní ipò mẹ́ta, ìkẹta ni rìsáfù, epo díẹ̀ tó kù sí ìsàlẹ̀ tánkì. Àwọn ọmọ tó ń gun máṣíìnì ọlọ́gàá, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn, kì í mọ̀. Ó ti tó ìgbà mélòó tí mo dúró, tí mo na ìka méjì sí abẹ́ tánkì, tí mo yí kọ́kì, tí mo ní kó kíìkì ẹ́, tí ó sì gbà lẹ́ẹ̀kan náà! Ọmọ náà á máa wò mí bí ẹni pé ọfọ̀ ni mo pè.

Bó bá ti gbẹ lóòótọ́, bù fún un nínú tìrẹ, ṣùgbọ́n má fi ẹnu fa epo. Mo mọ̀ pé gbogbo wa ló ti ṣe é. Bẹntiróò tó bá ṣì ọ̀nà lọ́nà ọ̀fun, ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀, ó sì ń dá egbò síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e mì, ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu kó lè bì. Bíbì yẹn gan-an lè gbé e padà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ọ̀nà tó rọrùn wà: pa ẹ́ńjìnnì rẹ, jẹ́ kó tutù díẹ̀, yọ rọ́bà epo kúrò lẹ́nu kábúrétọ̀, níbi tí epo ti ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ki ẹnu rọ́bà náà bọ inú ike omi, ṣí kọ́kì. Á máa sàn fúnra rẹ̀. Ìdajì lítà á gbé Boxer dé ibi tí wọ́n ti ń ta epo. Kí ẹni tó ń mu sìgá kọ́kọ́ lọ jìnnà.

Bí epo bá wà, púlọ́ọ̀gì ló kàn. Tú u pẹ̀lẹ́, pàápàá bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì gbóná, torí ihò tó wọ̀ kì í ṣe irin líle, bó bá jẹ, wàhálà ńlá ni. Bó bá tutù tí ó ń rùn epo, epo ti pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì. Pa kọ́kì, yí tọ́rótù dé òpin, kíìkì bíi mẹ́jọ láì sí púlọ́ọ̀gì níbẹ̀, nu púlọ́ọ̀gì gbẹ, kí o tó dá a padà. Bó bá dúdú tí ó gbẹ, ha èédú ẹnu rẹ̀ kúrò, kí o wo àlàfo ẹnu rẹ̀: bíi mìlímítà 0.7 ni. Kó má ṣe lẹ̀, kó má sì ya ẹnu bí ẹyẹ tó ń tọrọ oúnjẹ. Láti mọ̀ bóyá ó ń mú iná, ki í bọ orí wáyà rẹ̀, fi ara irin rẹ̀ ti ara ẹ́ńjìnnì, níbi tó jìnnà sí ihò àti sí epo, kí ẹnì kejì kíìkì. Iná búlúù tó ń ta pá-pá-pá lo fẹ́ rí. Bó bá jẹ́ pupa rádaràda, tàbí tí kò sí rárá, pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi pé kí púlọ́ọ̀gì kan wà lábẹ́ àga wọn nígbà gbogbo, pẹ̀lú sípánà rẹ̀, púláyà kékeré, lọ́ọ̀kì ṣéènì kan àti rọ́bà tiúbù tí wọ́n gé gígùn. Rọ́bà yẹn, ohun gbogbo ló ń dè.

Ṣéènì kò ní ariwo. Lọ́ọ̀kì tuntun ni, kí orí píìnì rẹ̀ tó dí kọ sí ibi tí ṣéènì ń sá lọ. Bí o bá kọ ọ́ sẹ́yìn, á bọ́ kí ẹ tó dé Akúrẹ́.

Táyà ló ń gba àkókò. Kò sí fọkanáísà nínú igbó. Mo ti rí àgbà tó ki koríko bọ inú táyà títí ó fi le, tó sì gun ún wálé jẹ́jẹ́ bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mi ò ní kí o ṣe é bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Ọ̀nà mìíràn náà ni pé kí ẹ tú táyà jáde, kí o gbé e kọ́ apá lọ bá fọkanáísà ní ìlú tó wà níwájú, kí ẹni yẹn jókòó ti máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan rẹ̀ lórí òkúta. Ṣùgbọ́n ronú dáadáa kí o tó gbà á. Bí o bá ti gbé táyà ẹni lọ, o ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Èrò tó pè ọ́ lọ́nà kò kàn ọ́ mọ́, òjò kò kàn ọ́ mọ́, àfi kí o padà.

Bí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, ẹ tì í. O mọ bí a ṣe ń ṣe é, kí a fi ẹsẹ̀ ti ibi tí èrò ń gbé ẹsẹ̀ lé lára máṣíìnì kejì. Apá òsì rẹ̀ ni kí o wà, torí apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà ti Boxer wà, kò sì sẹ́ni tó ń gun ọ̀kadà ní Akúrẹ́ tí kò mọ àpá sàlẹ́ńsà lójúgun. (Bó bá jó ọ, omi tó ń ṣàn ni fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe epo pupa.) Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ lo fi ń tì í. Ẹsẹ̀ yẹn kan náà ló sì ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, tó túmọ̀ sí pé bíréèkì ọwọ́ nìkan ló kù fún ọ. Nítorí náà, eré oníkẹ̀kẹ́ ni kí ẹ sá. Ní ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò, jẹ́ kó máa yí lọ fúnra rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so okùn mọ́ ọwọ́ máṣíìnì. Mo mọ ẹni tó ṣe é, eyín iwájú rẹ̀ méjì kò sí mọ́.

Ìjàǹbá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Bí o bá bá ẹni tó ṣubú nílẹ̀, ewé lo máa kọ́kọ́ ṣẹ́, kí mọ́tò má baà gùn yín lé ẹ̀yin méjèèjì. Pe 122, ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni, tàbí 112. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà, ki ọwọ́ rẹ bọ ọ̀rá, fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, má máa ṣí i wò. Bó bá ń mí, má yọ àṣíborí rẹ̀, má yí ọrùn rẹ̀, má sì da omi sí i lẹ́nu bí kò bá mọ ibi tó wà. Èyí tí mo kórìíra jù ni kí wọ́n gbé ẹni tó ti dákú sáàárín ẹni méjì lórí ọ̀kadà, kí orí rẹ̀ máa já sọ́tùn-ún sósì títí dé ilé ìwòsàn. Ẹni tí egungun ọrùn rẹ̀ kàn sán lásán, ẹ̀yin lẹ máa bá a dá a. Dá mọ́tò dúró, kódà bó jẹ́ pikọ́ọ̀pù ọlọ́gẹ̀dẹ̀, tẹ́ ẹ sẹ́yìn gbalaja.

O máa ní, wọ́n á ní èmi ni mo gbá a. Ẹ̀rù yẹn ti pa èèyàn. Ya fọ́tò bí nǹkan ṣe wà kí ẹ tó gbé e, pe ẹni tó bá wà nítòsí kó jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ní ti ilé ìwòsàn, òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá kọ̀. Bó bá jẹ́ ọta ìbọn, òfin ọdún 2017 ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ láì kọ́kọ́ béèrè ìwé ọlọ́pàá. Sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n sọ ọ́ sókè.

Bí èrò bá wà lẹ́yìn rẹ, òun ló ni àkókò rẹ. Bi í: "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú mélòó kan." Bí ó bá gbé ọmọ pọ̀n, gbé e dé ibi tó ń lọ ná. Ní ti owó, èyí ni òfin tèmi: ọwọ́ mi kò ní iye, ọjà mi ló ní iye. Bí mo bá fún ẹnì kan ní púlọ́ọ̀gì, iye tí mo rà á ni kó san, bó bá ní i. Mi ò gba owó dídúró. Àwọn kan ń gbà á báyìí, wọ́n ń dúnàádúrà pẹ̀lú ẹni tí òjò ń pa. Mi ò lè bá wọn jẹun pọ̀. Ẹni tí o ràn lọ́wọ́ tí kò dúpẹ́ ńkọ́? Òun náà wà. Àwọn àgbà ní bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Jẹ́ kó máa lọ.

Ìwọ fúnra rẹ á dúró lẹ́bàá ọ̀nà lọ́jọ́ kan, torí máṣíìnì kì í sọ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà, má fi iná fóònù na ojú ẹni tó ń bọ̀ bí ọkùnrin yẹn ti ṣe sí ọ. Kò ní rí ọ, iná nìkan ló máa rí, ẹ̀rù á sì bà á. Tan iná náà sára máṣíìnì rẹ àti sára ara rẹ, kó rí táyà tó fọ́, kó rí ojú rẹ, kó rí i pé ìwọ nìkan ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó jẹ́ kí o sáré lálẹ́ ọjọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Bí èrò bá tún gbé ọ gba ọ̀nà Oǹdó, dúró ní Owénà. Bi àwọn ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ bóyá ẹnì kan ti máṣíìnì dé ọ̀dọ̀ wọn lálẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n á rántí. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló kàn ọ́ nínú ẹ̀, sọ fún wọn.